Bí Wọ́n Ṣe Tú Pèpéle Olùdarí Àgbà

Ọkùnrin kan wà tó gbà pé kò sí àwùjọ kankan láyé yìí àfi èyí tí òun bá fọwọ́ sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fi í sípò kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, àga tó ń yí, àti orúkọ oyè kan tó gùn débi pé wọ́n yọ ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi èyí tó fẹ̀ sí i, kí pátákó orúkọ náà lè ráyè: Olùdarí Àgbà fún Ìdàgbàsókè Àwùjọ, Ìṣọ̀kan Ará Àdúgbò àti Gbogbo Ọ̀ràn Mìíràn Tó Bá Fara Pẹ́ Ẹ. Àwa yóò máa pè é ní Olùdarí Àgbà, kí ìwé má baà tán sórí orúkọ.

Láràárọ̀, bí Olùdarí Àgbà bá ti wọlé, Igbákejì rẹ̀ á fò dìde, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tí gbogbo àdúgbò ń retí!" Àdúgbò tó ń retí rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí Olùdarí Àgbà bá sín, Igbákejì á ní, "Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn, sà." Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé Olùdarí Àgbà fúnra rẹ̀ ti ń fetí sílẹ̀ bó bá ń sín. Ẹnì kẹta nínú ọ́fíìsì náà ni Akọ̀wé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé òun ló ń ṣiṣẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Olùdarí Àgbà ti wà lórí àga yẹn. Ó ti ṣe ìpàdé mẹ́tàdínlógójì lórí ohun tí àwùjọ jẹ́, ó ti ṣe mọ́kàndínlógún lórí ohun tí àwùjọ kì í ṣe, ó sì ti ṣe ẹyọ kan lórí ohun tí a lè ṣe fún un, èyí tí oorun kò jẹ́ kó parí. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Fọ́ọ̀mù Ìjẹ́-Àwùjọ, ojú-ìwé méjìdínlógún, èyí tí àdúgbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé kún kí ó tó lè di àdúgbò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni pé: "Ọjọ́ wo, aago mélòó, ni ẹ di àwùjọ?" Títí di bí a ti ń wí yìí, kò sẹ́ni tó tí ì dáhùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́tà dé láti olú iléeṣẹ́. Ọ̀gá pátápátá tó wà lọ́hùn-ún fẹ́ fẹ̀yìn tì, orúkọ Olùdarí Àgbà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń wò fún àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alábẹ̀wò kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí àdúgbò kan, ẹyọ kan péré, tí Olùdarí Àgbà ti mú dàgbà sókè. Bó bá rí i, àga di tirẹ̀. Bí kò bá rí i ńkọ́? Lẹ́tà náà kò sọ. Àmọ́ lẹ́tà olú iléeṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Olùdarí Àgbà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, òógùn bò ó.

"Ẹyọ kan péré," ó ní. "Ṣé a ò ní ẹyọ kan ni?"

"A ní wọn rẹpẹtẹ, sà," Igbákejì dáhùn. "Wọ́n wà nínú fáìlì."

"Ó lóun fẹ́ fojú rí i."

"Kó fojú wo fáìlì, sà."

Akọ̀wé gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. "Àwọn ará ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa ńkọ́, sà? Ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá. Wọ́n ń gbìyànjú."

"Wọ́n ní alága?"

"Rárá, sà."

"Ìwé òfin?"

"Rárá, sà."

"Ó kéré tán, wọ́n ní pátákó."

"Wọn ò ní pátákó, sà. Ṣùgbọ́n gọ́tà wọn mọ́."

Olùdarí Àgbà fẹ̀yìn ti àga, ó yí i lẹ́ẹ̀kan bó ti máa ń ṣe bí ọgbọ́n bá fẹ́ jáde. "Gọ́tà kì í ṣe àwùjọ, arábìnrin. Èèyàn tí kò ní pátákó, wọ́n kàn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Àga yìí náà ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ṣé ìyẹn ti wá sọ wọ́n di àwùjọ?"

"Áà! Àga àti tábìlì!" Igbákejì pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. "Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, sà!"

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ mẹ́ta kò tó láti wá àdúgbò míì. Ni Olùdarí Àgbà bá wọ kóòtù, ó so táì, ó di ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti rìn débẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sì débẹ̀ nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án. Fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí i, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ara rẹ̀ ló gbé dí i.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ bá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá." Obìnrin náà wo ikùn rẹ̀. "Ṣé ìdí sòkòtò yẹn lẹ fẹ́ ká tú?"

"Èmi," ni Olùdarí Àgbà wí, "ni Olùdarí Àgbà fún Ìdàgbàsókè Àwùjọ, Ìṣọ̀kan Ará Àdúgbò àti Gbogbo Ọ̀ràn Mìíràn Tó Bá Fara Pẹ́ Ẹ."

Kó tó parí rẹ̀, obìnrin náà ti rán apá aṣọ kan tán.

"Ẹ kú ìrìn àjò," ó ní.

"Ta ni alága yín?"

Ìyá Aránṣọ kọjú sí òdìkejì ọ̀nà, níbi tí ọkùnrin kan ti ń jó irin pọ̀. "Wẹ́dà! Wọ́n ní ta ni alága wa."

Wẹ́dà ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. "Ti ìgbà wo?"

Ó wá ṣàlàyé. Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù kan so rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó bá rí ohun tó bàjẹ́ ló ń lù ú. Bó bá ti dún, ilé kọ̀ọ̀kan á rán ẹnì kan jáde, ẹni náà á sì mú irinṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹni tó lù ú ló ń sọ iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá há sí i lọ́fun, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iṣẹ́ á sọ ọ́. Wọ́n á ṣe é, oníkálukú á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Àgbà ilé ìsàlẹ̀ ló lù ú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tì mọ́," Wẹ́dà ní. "A lè sọ pé òun ni alága lọ́jọ́ yẹn. Bí ogún ìṣẹ́jú."

"Ta wá ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀?"

"Ta la fẹ́ kí káàbọ̀, ọ̀gá? Ilé wa náà ni."

Olùdarí Àgbà mi orí. Àánú wọn ṣe é. Ó rí i kedere pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń tún ilé ara wọn ṣe láti ọjọ́ yìí láìmọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó yọ Fọ́ọ̀mù Ìjẹ́-Àwùjọ fún Ìyá Aránṣọ, ó sì fi dá a lójú pé kó tó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò ti dàgbà sókè. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, ó fọwọ́ pa á wò. Ìwé tó dára ni, ó le. Lọ́jọ́ kejì, ó ti gé e ní àwòṣe sòkòtò ọmọdé méjì.

Ẹ̀yin náà á bi mí pé kí ni Olùdarí Àgbà wá ṣe fún ìdàgbàsókè wọn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ṣe púpọ̀. Ó gbé pátákó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, tó fẹ̀ ju ọ̀nà náà lọ, tó fi jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé sínú àwùjọ. Ó kọ ìwé ìpè sí ojúlé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá kọ́ àtẹ́wọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́. Igbákejì nìkan ló wá, ó sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Paríparí rẹ̀, ó kó àwọn káfíńtà wá láti ibòmíì, wọ́n kan pèpéle ńlá kan tí yóò ti bá wọn sọ̀rọ̀. Orí gọ́tà ni wọ́n kàn án sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹni tó bá ń bọ̀ láti títì ti lè rí Olùdarí Àgbà láti orí dé ẹsẹ̀. Kí pèpéle náà má baà mì nígbà tí Olùdarí Àgbà bá fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ ní ojú-ìwé keje àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọnú gọ́tà, wọ́n sì to àpò iyanrìn yí i ká dẹ́múdẹ́mú.

Wẹ́dà wá wò ó. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

"Ọ̀gá, gbogbo omi òkè yẹn, inú gọ́tà yìí ló ń gbà. Bó bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ilé Ìyá Àgbà ló máa kọ́kọ́ wọ̀."

"Wákàtí kan péré ni ọ̀rọ̀ mi," Olùdarí Àgbà dáhùn. "Ṣé omi kò lè dúró de ìdàgbàsókè ni?"

"Omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọ̀gá."

"Ìyẹn ló fà á tí kò fi ní ìṣọ̀kan!"

Igbákejì pàtẹ́wọ́. Wẹ́dà wo ojú ọ̀run, ó lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Òjò sì rọ̀ láti ìdájí, kì í ṣe pẹ́nrẹ́n.

Òjò ò tíì dá, síbẹ̀ Olùdarí Àgbà ti wà lórí pèpéle, ó wọ kóòtù tuntun, ojú-ìwé méjìlélógún wà lọ́wọ́ rẹ̀, Igbákejì sì ń fi aṣọ nu makirofóònù. Ọgọ́ta àga ṣófo níwájú wọn, omi òjò jókòó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ará ọ̀nà ẹ̀yìn kankan kò yọjú. Ẹni tó ń rán aṣọ ń rán aṣọ. Ẹni tó ń sùn ń sùn.

Mọ́tò kan dúró ní títì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú agbòjò lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ pátákó. Alábẹ̀wò ti dé, ó sì fi ààbọ̀ wákàtí yá ju àsìkò lọ. Oníṣẹ́ ibi kankan kò burú tó ẹni tó bá tètè dé.

"Ẹ káàárọ̀, Olùdarí. Àwọn èèyàn yín dà?"

Olùdarí Àgbà wo ọgọ́ta àga tó ṣófo. Ó rí àga olú iléeṣẹ́ tó ń yí lọ, tó ń yí lọ, tí ẹlòmíì jókòó lé e lórí.

"Wọ́n ń múra lọ́wọ́ ni, màámi." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí Akọ̀wé, tó dúró nísàlẹ̀ pèpéle. "Lọ lu irin yẹn!"

"Sà, iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi…"

"Iṣẹ́ wo ló ju ọ̀rọ̀ mi lọ?"

Akọ̀wé dúró, kò lọ. Ni Olùdarí Àgbà bá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gba òòlù lórí tábìlì Wẹ́dà, ó lu ríìmù náà bí ẹni pé òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ní ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí ilẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Aránṣọ yọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ọkùnrin kan tó ń tún redió ṣe yọ pẹ̀lú díígà. Àwọn kan mú ayùn, àwọn kan mú ọkọ́, ìyàwó ilé kan gbé garawa dání, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá ọmọ mọ́ra. Ogójì èèyàn ló dúró síwájú pèpéle nínú ọ̀wààrà òjò, wọ́n kọjú sí Olùdarí Àgbà.

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án! Ó padà gun pèpéle, ó ṣí ojú-ìwé kìíní.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ bí ẹni mọ ìkòkò! Kí ni àwùjọ? Àwùjọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, jẹ́ ohun kan tí…"

"Ọ̀gá," Wẹ́dà ké láti ìsàlẹ̀, "ẹ̀yin lẹ lu irin. Iṣẹ́ wo ni?"

"Ẹ ó gbọ́ ọ ní ojú-ìwé kẹtàlá. Àwùjọ, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń wí, pín sí ọ̀nà mẹ́rìnlá…"

Bó ti dé ọ̀nà kẹrin, ẹnì kan ké láti ilé ìsàlẹ̀. Ìyá Àgbà ni. "Ẹ gbà mí o! Omi ti dé orí ẹní mi!"

Gbogbo ojú yí padà. Omi tó yẹ kó gba inú gọ́tà ti gun ojú ọ̀nà, ó ń sáré lọ tààrà sẹ́nu ọ̀nà ìyá náà, bí àlejò tí wọ́n júwe ilé fún.

Ìyá Aránṣọ gbé ṣọ́bìrì sókè, ó nà án sí pèpéle. "Ẹni tó lu irin ò rí iṣẹ́. Èmi ti rí i. Òun nìyí."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Àwọn márùn-ún sáré lọ máa gbọ́n omi nílé Ìyá Àgbà, àwọn yòókù yí pèpéle ká.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún wa," Wẹ́dà ní.

"Mo ṣì wà ní ojú-ìwé kẹta!"

"Kò burú. Ẹ máa bá tiyín lọ."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọn kò já ohunkóhun, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń yọ ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó o sínú agolo, wọ́n ń to pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí pákó tó dára ni. Olùdarí Àgbà gbà lọ́kàn pé bí òun bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, àga ti lọ nìyẹn. Kò dákẹ́. Bí pèpéle ti ń kéré ló ń gbóhùn sókè. Ó dé ojú-ìwé keje, ó gbé ẹsẹ̀ kó janlẹ̀, ó rí i pé pákó tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ jan ti lọ, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ náà padà.

"Ìdàgbàsókè," ó ké, "ni kí a máa gòkè!"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ẹni tó mú ayùn wí.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n yọ pákó abẹ́ rẹ̀.

Ó wo Igbákejì, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gbé orí pákó kan lé Igbákejì lọ́wọ́ pé kó bá òun gbé e, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kún. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé nìyẹn tí Olùdarí Àgbà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe ń dún láìsí àtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò dún bó ti rò.

"Ẹsẹ̀ òsì, ọ̀gá."

Ó ti mọ́ ọn lára. Ó gbé e.

Kò sí èyí tó kù láti dúró lé. Olùdarí Àgbà bọ́ sínú gọ́tà lórí ìdí, tòun ti ojú-ìwé méjìlélógún, ní àkókò tí wọ́n fa àpò iyanrìn tó kẹ́yìn jáde. Omi òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó gbé e lọ tó ìwọ̀n ilé mẹ́ta kí Ìyá Aránṣọ tó fi ọwọ́ ṣọ́bìrì kọ́ kóòtù rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Gọ́tà wa máa ń yára bó bá ṣí."

Láàárín gbogbo èyí, Alábẹ̀wò kò dúró lójú kan. Ẹnì kan ti bi í pé, "Ẹ̀yin náà, kí lẹ mú wá?" Ó ní agbòjò ni. Wọ́n ní kó lọ fi bo ẹní Ìyá Àgbà tí wọ́n gbé síta, ó sì lọ. Ìgbà tí omi fi padà sínú gọ́tà, ó ti rẹ gbingbin, ojú rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tó jẹun yó.

Ó wá dúró sábẹ́ òrùlé Ìyá Aránṣọ pẹ̀lú Olùdarí Àgbà, tí omi ń kán láti imú rẹ̀.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń mú àwọn èèyàn yìí dàgbà?"

"Mẹ́sàn-án, màámi."

Alábẹ̀wò kọjú sí Wẹ́dà. "Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Wẹ́dà ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó ronú dáadáa, ó wá ohun rere tó lè sọ. "Òní ni wọ́n kọ́kọ́ bá wa ṣiṣẹ́, màámi. Àmọ́ wọ́n gbìyànjú. Wọ́n mọ irin lù."

Ọ̀tá kì í pa èèyàn tó báyìí. Àánú ló ń parí iṣẹ́.

"Màámi," Olùdarí Àgbà ní, "kí lẹ máa kọ?"

"Pé mo rí àwùjọ kan, ó sì lágbára. Pé kí wọ́n ti ọ́fíìsì yín pa, kò sí ohun tó ń ṣe fún un. Akọ̀wé yín á bá mi lọ sí olú iléeṣẹ́. Mo ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìyí àga."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ kí òtútù má mú yín."

Mọ́tò ọ́fíìsì, ọ́fíìsì ló ni ín, dírẹ́bà sì ti gbé e lọ. Igbákejì ni kò tíì lọ; wọ́n ní kó bá wọn gbé pákó mẹ́rin míì, ó sì jọ pé ó ń gbádùn rẹ̀. Ni Olùdarí Àgbà bá fẹsẹ̀ rìn délé, tòun ti bàtà tó ń pè é lórúkọ ní gbogbo ìṣísẹ̀: fọ̀ọ́ṣọ̀, fọ̀ọ́ṣọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tọwọ́ bọ àpò. Kọ́kọ́rọ́ ti bá gọ́tà lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé.

Ó dúró. Ibi tí yóò jókòó sí, kò sí.

"Ẹ káàsán o, ará ilé," ohùn kan wí.

Ọkùnrin kan ni, lórí ọgbà tó pààlà ilé wọn. Ó na àga kan kọjá lórí ọgbà, aṣọ ìnura gbígbẹ wà lórí rẹ̀. Olùdarí Àgbà gbà á. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé ilé yẹn, kò sì rí ojú ọkùnrin náà rí.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ṣeun o… ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Atúnbàtàṣe ni wọ́n ń pè mí. Ẹ bọ́ tiyín yẹn, ẹ jẹ́ n gbé e síbi iná. Ẹ̀yin ńkọ́? Nítorí Bàbá Fèrè la máa ń pè yín nílé wa. Dírẹ́bà yín tó máa ń fọn fèrè mọ́tò láràárọ̀, òun ló ń jí àwọn ọmọ. Kí lorúkọ yín gan-an?"

Olùdarí Àgbà na ọrùn, ó fa èémí sínú bí ẹni tó fẹ́ ka ojú-ìwé kìíní. Ó la ẹnu. Gbogbo orúkọ tó ti máa ń sọ fún ọdún mẹ́sàn-án ti bá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lọ. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìkan ló kù, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó ti lò ó kẹ́yìn.

Ọkùnrin náà gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orí ọgbà, ó ń dúró dè é.

"Ẹ má kánjú," ó ní. "A wà níbí."